Lẹ́tà Ìtọrọ sí Bàbá Agnese

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kejì, 1957

Lẹ́tà Oyèníran ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi láti ọjọ́ Ẹtì. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọ náà ti rí ìyàwó. Ọmọ Italy ni, Agnese ni orúkọ rẹ̀, Chiavari ni ilé wọn wà, kò jìnnà sí Genova níbi tí Oyèníran ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ọdún mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà gbà. Bàbá rẹ̀ ni kò tíì dáhùn. Sinyọ Bortolo ni wọ́n ń pè é, Ọ̀gbẹ́ni Bortolo nìyẹn, iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe, bí èmi náà ti ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún. Ó ní òun kò rí ìwà burúkú lọ́wọ́ ọmọ mi, ṣùgbọ́n òun kò lè fa ọmọ òun lé ọkùnrin tó dá dúró lẹ́nu ọ̀nà òun bí ẹni tí ìjì gbé wá. Ó bi í pé, "Àwọn ènìyàn rẹ dà?"

N kò lè bínú sí i. Ohun tí èmi náà ì bá bèèrè nìyẹn.

Ọjọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Gbogbo ilé wọn ń kó lọ sí Argentina, ọkọ̀ ojú omi wọn yóò gbéra ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà. Bí ẹnu kò bá kò kí ọkọ̀ tó ṣí, Agnese yóò bá wọn lọ. Oyèníran kò ráhùn nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá lélẹ̀.

"Bàbá Níran, ẹ jẹun," ni Làbákẹ́ ìyàwó mi wí.

"Oṣù mẹ́rin péré ló kù."

"Ìjókòó kan ṣoṣo ni àwọn ẹ̀gbọ́n yín wá jókòó nílé wa tí bàbá mi fi gbà. Ẹ jẹun jàre, ẹ̀wà yìí ti ń tutù."

Mo jẹ díẹ̀. Ọyẹ́ ti la ètè mi.

Àbámẹ́ta, 9 oṣù kejì

Ìpàdé ẹbí ní Mushin, nílé Bọ̀dá Jethro, àgbà wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Abọ́sẹ̀dé, wá tààrà láti ibi tó ti ń ra ẹja yíyan ní Makoko, òórùn èéfín sì kún inú yàrá. Mo ka lẹ́tà sí wọn létí. Bí mo ṣe fẹ́ máa sọ ohun tí mo rò, Bọ̀dá gbé ọwọ́ sókè.

"Àkàngbé, ìwọ ni bàbá ọkọ. Ta ló ti rí bàbá ọkọ tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìyàwó fún ọmọ? Àwa la ó tọrọ. Ìwọ jókòó."

Mo jókòó. Òótọ́ ló sọ. Bàbá mi náà kò la ẹnu nígbà tèmi.

Wọ́n fẹnu kò pé kí a kọ ìwé ìtọrọ, kí àwọn àgbà ilé fọwọ́ sí i. Bọ̀dá ní kí a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, pé òyìnbó kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ láti igun yàrá: "Bí ará Ìjẹ̀bú bá wá tọrọ ọmọ wa ní èdè Haúsá, ṣé ẹ máa fún un?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Bọ̀dá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní èmi tí mo kàwé jù nínú wọn ni kí n lọ kọ́ èdè náà, kí n sì fi kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ ni yóò kọ ọ́. Ẹnu wa ni yóò sọ ọ́."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí. Èdè wo ni mo tún fẹ́ kọ́?

Ọjọ́rú, 13

Mo rí ìwé kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Sábó. Ṣílè mẹ́ta. Wọ́n ṣe é fún àwọn sójà òyìnbó tó jagun ní Italy. Ó kọ́ni bí a ṣe ń bèèrè ibi tí afárá wà, àti bí a ṣe ń sọ fún ènìyàn pé kó ká ọwọ́ sókè. Kò sí ojú ewé kankan lórí ìyàwó.

Ọjọ́ Ajé, 18

Kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ ńlá ló ń dà mí láàmú. Ilé, ọmọ, bàbá, ọ̀nà, mo ti há wọn sórí. Àwọn wẹ́wẹ́ ni: di, a, da, in, con, su, per. Bí ẹ̀fọn ni wọ́n rí. Ènìyàn kì í rí wọn títí wọn yóò fi jẹ ẹ́.

Mo wà nílé, mo wà ní Yaba, mo wà ní Nàìjíríà: "ní" kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún wa, kò sì ráhùn. Lọ́dọ̀ tiwọn, orílẹ̀-èdè ń gba in, ìlú ń gba a. In Italia, a Genova. Mo kọ in Genova, ìwé ní kò dára. Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ gan-an ló ń ṣì mí lọ́nà. Àwa a sì máa sọ pé "ọmọ Àkàngbé", a kì í fi nǹkan kan sáàárín ọmọ àti bàbá rẹ̀. Àwọn gbọ́dọ̀ fi di síbẹ̀. Mo gbàgbé rẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án lónìí.

Làbákẹ́ ní òun gbọ́ tí mò ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé ìwẹ̀. Kẹrosíìnì tún ti fi kọ́bọ̀ kan lé.

Àbámẹ́ta, 23

Pásítọ̀ wa kò mọ ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè náà. Làbákẹ́ ló rántí Mùktárù, ọkùnrin Mushin tó ṣe ilẹ̀ dídán olókùúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní tẹ́ráásò sí ilé pásítọ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Sinyọ Bẹ́pì, ọmọ Italy tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbi àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Surulere. Mùktárù kò mọ ìwé kà. Ó sọ èdè náà níwájú mi bí omi tó ń já bọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi kọ lẹ́tà."

"Wálàhí, n ò mọ ti lẹ́tà o. Tẹnu ni tèmi."

Mo bi í bó ṣe ń mọ ìgbà tí a ń lo a àti ìgbà tí a ń lo in. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ ń gbé tó bá fẹ́ rìn.

"Àwọn tíntìntín yẹn? Ẹ dà wọ́n nù! Èmi á ní 'acqua secchio', Bẹ́pì á gbọ́ pé omi inú garawa ni mo wí. Kò tíì lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Ìwọ kò fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ Bẹ́pì."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì. Ó ní kí n máa bọ̀ lójoojúmọ́, pé òun kò ní gba nǹkan kan, ẹ̀rín yẹn tó.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹta

Da. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ pa mí. Ìwé ní da ni ibi tí ènìyàn ti ń bọ̀: vengo da Lagos, mo ń bọ̀ láti Èkó. Ó dára. Mo ṣí ojú ewé kejì: vado da Mùktárù, mo ń lọ sọ́dọ̀ Mùktárù. Mo ṣí ìkẹta: bí mo bá fẹ́ sọ pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Oyèníran ti wà ní Italy, da náà ni. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan á ṣe jẹ́ ibi tí mo ti kúrò, ilé ẹni tí mo ń lọ, àti iye ọdún tí n kò tíì fojú kan ọmọ mi?

Mo rìn lọ sí Mushin nínú oòrùn láti bèèrè.

"Bàbá, da yẹn, ilé ènìyàn ni," ni Mùktárù wí. "Tí Bẹ́pì bá ní da noi, ohun tó ń sọ ni pé lọ́dọ̀ tiwa, báyìí la ṣe ń ṣe é. Tó bá ti jẹ ata wa báyìí, da noi ló máa ń kọ́kọ́ pariwo."

Àlàyé yẹn wọ̀ mí lórí ju ti ìwé lọ. Ó sì ń dùn mí pé ẹni tí kò mọ A ló ń kọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 12

Mo kọ lẹ́tà náà tán. Mo fà á ya.

Ọjọ́rú, 13

Bákan náà.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Sinyọ Bẹ́pì gbà kí a wá bá òun níbi iṣẹ́ ní Surulere lẹ́yìn Máàsì rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ rí bí èèpo igi. Ó tẹ́ lẹ́tà mi sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán, ó kúnlẹ̀ tì í, ó yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi bí ẹni tó ń ṣèdánwò. Ibi mẹ́rìnlá ló sàmì sí. Mọ́kànlá nínú wọn, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ni. Mo ti kọ ọ́ pé à ń ronú nípa ọmọ yín. Ó ní ìrònú tiwọn máa ń lọ bá ènìyàn ni, nítorí náà a ni kí n lò.

Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, níbi tí orúkọ mẹ́fà ti ń dúró de ọwọ́ àwọn tó ni wọ́n, ó gbójú sókè, ó bi Mùktárù ní nǹkan kan. Mo gbọ́ padre. Mùktárù nawọ́ sí mi: "Padre, qua." Bẹ́pì wò mí, ó wo ìwé, ó sọ èjìká, ó dá a padà fún mi.

"Kí ló bèèrè?" ni mo wí.

"Ó ní bàbá ọmọ dà. Mo ní ẹ̀yin rèé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi mẹ́rìnlá yẹn ni gbogbo ọkàn mi wà.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Wọ́n fọwọ́ sí i ní Mushin lẹ́yìn ìsìn. Bọ̀dá Jethro fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kọ orúkọ tirẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni mí sí ibi tí òun wà. Ẹ̀gbọ́n mi Abọ́sẹ̀dé tẹ àtàǹpàkò. Ó gbóòórùn bébà náà, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́ o, kì í ṣe ẹja." Ẹni mẹ́fà. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo di ìgò tàdáwà mú.

Ìṣẹ́gun, 26

Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní Yaba, pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú. Mo ti jù ú sínú àpótí tán kí n tó rántí pé n kò wò ó dáadáa, bóyá nel ni mo kọ ní ìlà kẹta tàbí al, in àti a náà ni wọ́n, tí àwọn ará ibẹ̀ so ìrù mọ́. Mo dúró ti àpótí náà títí akọ̀wé kan fi jáde wá.

"Bàbá, ṣé nǹkan sọnù lọ́wọ́ yín ni?"

Mo ní rárá.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀. Òrùlé ń jò ní yàrá Oyèníran. Kò sí lẹ́tà. Nel ni mo kọ. Ó ti dá mi lójú báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Àjíǹde. Kò sí lẹ́tà. Mo kọrin lónìí láìgbọ́ ohun tí mò ń kọ.

Ọjọ́ Ajé, 29

Ó dé. Sinyọ Bortolo kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ojú ewé kan. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé e lọ kà sí Mùktárù létí, bóyá èmi ni n kò gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ó dúpẹ́. Kò sọ ohunkóhun nípa nel. Ó ní òun rí orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, òun rí àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, òun rí ti àwọn mẹ́rin yòókù. Orúkọ kan ṣoṣo tí òun ń wá ni kò sí níbẹ̀. Oyèníran sọ fún òun pé bàbá tó bí i wà láàyè. Bó bá wà láàyè, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ṣé ó kọ Agnese ni? Ó ní òun kò lè gbọ̀nà òkun lọ kí òun fi ọmọ òun sílẹ̀ fún ilé tí bàbá ọkọ ti pa ẹnu mọ́.

Mùktárù mi orí. "Bẹ́pì bèèrè o, Bàbá. Ó bèèrè lọ́jọ́ yẹn."

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń lé ẹ̀fọn kiri inú yàrá, n kò rí i pé ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 30

Mo lọ bá Bọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí n kọ ìlà mẹ́ta péré sí ọkùnrin náà.

"Láéláé," ni ó wí. "Kí wọ́n wá máa rò pé ẹbí wa kò pé, pé bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìyàwó kiri?"

"Wọ́n rò pé mo kọ̀ ni, Bọ̀dá."

"Kí wọ́n kọ̀wé bi wá. Àwa ń bẹ."

"Ọkọ̀ wọn ń lọ."

"Ọkọ̀ kì í gbé ìyàwó ẹni lọ."

Ó ti gbàgbé pé èmi àti òun ti jókòó rí níbi iṣẹ́ rélùwéè mi, tí a ń wo ohun tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé lọ. N kò bá a jiyàn. Mo dìde láti máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé títì. Ó ní, "Àkàngbé, lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ mi, bàbá wa kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ojú rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ." Ó tún ìborùn rẹ̀ wé. "Àwọn ará ibẹ̀ kò rí ojú rẹ."

Ẹtì, 3 oṣù karùn-ún

Bẹ́pì ti lọ síbi iṣẹ́ kan ní Kàdúná, ó di oṣù keje. Bí mo bá kọ ìlà mẹ́ta tèmi, kò sí ẹni tí yóò bá mi tún un ṣe.

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Mùktárù wí. "Ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ da àwọn tíntìntín yẹn nù."

Àbámẹ́ta, 4

Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò fà á ya. Ohun tí mo wí ni pé: Sinyọ Bortolo, èmi ni bàbá Oyèníran. Mo wà láàyè. Da noi, lọ́dọ̀ tiwa, bàbá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ń bá a tọrọ. Òun a jókòó láàárín wọn, àwọn ará ilé ìyàwó a sì máa wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yin kò rí ojú mi. Mo fẹ́ ọmọ yín.

Mo kọ orúkọ mi sí i, bí ó ti gùn tó. Da noi nìkan ló dá mi lójú nínú gbogbo rẹ̀. Nínú ìyókù, mo mọ̀ pé àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ti jẹ mí níbi bíi mẹ́rin, márùn-ún. Mo fi fọ́tò tí wọ́n yà mí lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì sínú rẹ̀. Ojú mi le nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òmíràn.

Mo fi í ránṣẹ́ kí àyà mi tó já. N kò sọ fún Bọ̀dá.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Bọ̀dá wò mí lẹ́yìn ìsìn, ó ní mo rù. Mo ní ibà ni. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ìṣẹ́gun, 21

Ojú mi le jù nínú fọ́tò yẹn. Bí ẹni tó fẹ́ lé èrò ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ ni mo rí. Kí ló dé tí Làbákẹ́ kò sọ fún mi?

"Ojú tí mo fẹ́ náà nìyẹn," ni Làbákẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí àwọn náà fara dà á."

Ọjọ́bọ̀, 30

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Òjò. Mo tún fi abọ́ sí abẹ́ ibi tó ń jò.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹfà

Lẹ́tà dé. Làbákẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọ̀bẹ ṣí i.

Ó gbà. Ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí ni wọn yóò so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Chiavari, Agnese yóò sì dúró ti ọkọ rẹ̀. Sinyọ Bortolo bèèrè bóyá inú ń run mí lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Ó ní kí n má ṣe bínú, ojú tirẹ̀ náà kì í túká níwájú ayàwòrán. Da kan wà ní ìlà kẹrin tí n kò mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú ewé kejì ni n kò retí. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju ìlà kan lọ: bí ẹ ti ń ṣe é lọ́dọ̀ yín nìyẹn, àwa náà rèé. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ nìkan. Tirẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́tùn-ún lósì, àti àgbélébùú kan tí wọ́n fi tàdáwà fà, tí ó wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 2

Mo lọ sí Mushin. Mo jẹ́wọ́ kí n tó yọ lẹ́tà, kí ó má baà dà bí ẹni pé mo fi ìdáhùn bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ̀dá yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó wo ògiri. Mo kà á fún un, ó ṣì ń wo ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi Abọ́sẹ̀dé ló gba ojú ewé kejì lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó mú un.

"Ta ló fa àgbélébùú yìí?"

"Ìyá bàbá ìyàwó. Kò mọ ìwé."

"Ẹni ọdún mélòó?"

"Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin."

Ó fi ìka ka àwọn orúkọ náà sísàlẹ̀ láìlè pe ọ̀kankan. Mẹ́sàn-án. Ó tún wọn kà. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé orí àgbélébùú náà. Bọ̀dá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Wọ́n lẹ́bí," ni ó wí.

Nígbà tó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, èyí tí kì í ṣe rí, ó ní mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ sí wọn kéré. Ó ní ìtìjú ni.

Àbámẹ́ta, 15

Ọkọ̀ wọn gbéra lónìí. Òjò ńlá níhìn-ín láti ìdájí, omi kún títì títí dé Ìpọ̀nrí. Wáyà Oyèníran ti dé láti ọjọ́ Ajé pé wọ́n ti gbéyàwó. Làbákẹ́ ní kí n lọ sùn, pé ó ti tán.

Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, wọ́n ní, lórí òkun. Ìyá àgbà tó fa àgbélébùú yẹn wà nínú ọkọ̀ náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ta ló di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó ń gun àtẹ̀gùn? Òtútù orí omi kò dára fún àgbà. Mo nírètí pé wọ́n rántí fi aṣọ tó nípọn sí ibi tí ọwọ́ yóò ti tètè tó o.